Bàbá mi tó fa sìgá fún ọgbọ̀n ọdún ti ń lo kápúsù antioxidant, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 67, wọ́n fa sìgá fún bí ọgbọ̀n ọdún, pákẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́, Ọlọ́run ló sì bá wa ṣe é tí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, ó ń lọ sí oṣù mẹ́wàá báyìí. Láti bí oṣù mẹ́rin ni ọ̀rẹ́ wọn kan ti mú sọ́pílímẹ́ǹtì kan wá fún wọn, wọ́n kọ antioxidant gàdàgbà-gadagba sí ara ike rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ní ó máa ń fọ ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín sìgá ti bà jẹ́, ó sì ní kì í jẹ́ kí èèyàn tètè darúgbó. Ara ike ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹyọ kan lójúmọ́, àwọn ń lo méjì, wọ́n ní tí ẹyọ kan bá dáa, méjì á dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún mi láti bá wọn sọ ọ́ ni pé ara wọn ti yá lóòótọ́. Tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ikọ́ wọn la fi máa ń mọ̀ pé wọ́n ti jí, wọ́n á wúkọ́ títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi jáde, a ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí. Kápúsù yẹn ni wọ́n sì gbà pé ó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, báwo gan-an ni nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara? Ṣé ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró lóòótọ́? Ṣé kò lè ṣe wọ́n ní jàǹbá?

Sáré_Lówùúrọ̀:
Ẹ̀gbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Fítámì lásán ni àwọn nǹkan yẹn, ohun tó wà nínú oúnjẹ náà ni. Èmi ń lo fítámì C àti E láti bí ọdún méjì, mo sì ń sáré láràárọ̀, kó sóhun tó ṣe mí. Linus Pauling tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, 1954 àti 1962, òun fúnra rẹ̀ ń lo fítámì C ní gíráàmù-gíráàmù lójúmọ́, ó sì lé ní ẹni 90 ọdún kó tó kú. Èyí tí ara ò bá nílò, èèyàn á tọ̀ ọ́ dànù ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Inú_Láàbù:
Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ohun tí mò ń kọ́ nìyẹn.

Gbogbo nǹkan tó wà láyé, títí kan ara wa, inú rẹ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n ń pè ní electron wà, wọ́n sì sábà máa ń rìn ní méjì-méjì bí ìbejì. Free radical ni èròjà tí electron rẹ̀ kan ti pàdánù ìkejì rẹ̀. Ara rẹ̀ ò lè balẹ̀, ńṣe ló máa já ti ẹlòmíì gbà, ẹni tó já tiẹ̀ gbà náà á di aláìníkejì, á tún lọ já ti ẹni tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ràn lọ títí á fi ba ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká jẹ́, nígbà míì á dé DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tó ti ń wá pọ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí símú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dáná agbára, díẹ̀ máa ń ta dànù níbẹ̀ tí á di free radical. Ìtànṣán oòrùn náà ń dá a sílẹ̀ lára awọ. Ti èéfín sìgá ò ṣe é fẹnu sọ, torí náà mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ Bàbá fi wọ̀ wọ́n létí.

Antioxidant ni ẹni tó lè yọ̀ǹda electron tiẹ̀ kí ìjà yẹn lè parí, tí ara tiẹ̀ ò sì ní dàrú. Inú ọ̀rá ni fítámì E ti ń ṣiṣẹ́, inú omi ni ti C. Tí E bá ti yọ̀ǹda tiẹ̀ tán, C á tún dá a padà sípò. Ó dùn ún gbọ́, àbí?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, fítámì kọ́ ni olórí ìdáàbòbò tí ara ní. Ara ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní enzyme. Superoxide dismutase wà níbẹ̀, McCord àti Fridovich ló ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1969, catalase wà, glutathione peroxidase náà wà. Ẹ ti rí i tí wọ́n bá da hydrogen peroxide sójú ọgbẹ́ tó máa ń hó yẹ́ẹ́, tí ìfófòó funfun á bo ojú ọgbẹ́? Catalase yín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn, ó ń fọ́ peroxide sí omi àti ọ́síjìn. Ẹyọ catalase kan ṣoṣo lè fọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kápúsù kankan ò lè bá ìyẹn sáré.

Ọmọ_Ìrọ̀rùn:
@Akẹ́kọ̀ọ́ mo gbádùn àlàyé yìí. Tí free radical bá wá burú tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n á fi sọ pé ká má lo nǹkan tó ń pa á?

Akẹ́kọ̀ọ́_Inú_Láàbù:
Torí kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni. Ibi tí gbogbo wa ti ṣì í mú nìyẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣì í mú fún ìgbà pípẹ́. Denham Harman ló sọ ní 1956 pé free radical ló ń sọ wá di arúgbó, àwọn èèyàn wá ronú pé tí a bá ti rọ antioxidant sínú ara, a ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá lórí bébà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá gbé kòkòrò àìsàn mì, free radical gan-an ló máa tú lé e lórí, òun ni ohun ìjà rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí sẹ́ẹ̀lì wọn ò lè ṣe ohun ìjà yẹn, orúkọ àìsàn náà ni chronic granulomatous disease, ńṣe ni kòkòrò máa ń kọlù wọ́n lemọ́lemọ́. Sẹ́ẹ̀lì tún máa ń fi free radical ránṣẹ́ síra wọn. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti bàjẹ́ tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, free radical wà lára ohun tó máa ń mú kó pa ara rẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé antioxidant rẹpẹtẹ wọ ibẹ̀, ẹ lè máa dáàbò bo ẹni tó yẹ kó kú.

Àǹtí_Apòògùn:
Àrẹ̀mọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka nǹkan míì, ẹ lọ gbé ike yẹn báyìí báyìí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré, ẹ fi fóònù yà á kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́. Ẹ wá beta-carotene níbẹ̀, ìyẹn èròjà inú kárọ́ọ̀tì tí ara ń sọ di fítámì A, kí ẹ sọ iye mg rẹ̀ fún mi. Ẹ tún sọ gbogbo oògùn míì tí Bàbá ń lò, gbogbo rẹ̀ o, títí kan èyí tí wọ́n kà sí ohun kékeré.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó fa sìgá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yàtọ̀ gan-an ni.

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Ẹ ṣeun ma. Mo ti yà á. Nínú kápúsù kan:

fítámì C 500 mg, fítámì E 400 IU, beta-carotene 15 mg, selenium 100 mcg, zinc 15 mg.

Oògùn míì tí wọ́n ń lò, ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, wọ́n sì ń lo warfarin láti ọdún tó kọjá torí wọ́n ní ọkàn wọn kì í lù déédéé. Nígbà tí mo tiẹ̀ ń kọ èyí ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọn, ó ń rí bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan pupa kùn ún ní ìdí irun rẹ̀. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló le jù, mo tiẹ̀ ti bá wọn pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Búrọ́ọ̀ṣì kọ́ o! Àbúrò, ẹ dákun, ẹ mú Bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà wọn lọ́la, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n dá fún wọn. Iṣẹ́ warfarin ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Fítámì E tó bá pọ̀ náà máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ó máa ń dí fítámì K lọ́wọ́, K yẹn sì ni ara fi ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. 400 IU lọ́nà méjì, 800 IU nìyẹn lójúmọ́ lórí warfarin, èrìgì ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò INR ni wọ́n máa ṣe fún wọn, òun ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tó bá ti ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Ẹ gbé ike yẹn dání, ẹ má fẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá warfarin dúró fúnra wọn o, mo bẹ̀ yín, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá dì lọ́kàn lè lọ dí iṣan ọpọlọ. Sọ́pílímẹ́ǹtì yẹn ni kí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Tí ẹ bá rí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, tàbí orí fífọ́ tó ṣàdédé le, tàbí tí wọ́n bá ṣubú tí wọ́n forí gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ní kíá, kódà tó bá jẹ́ àárín òru.

Mo ti rí irú èyí níbi iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Aláìsàn á ka gbogbo oògùn rẹ̀ fún wa, kò ní dárúkọ sọ́pílímẹ́ǹtì, torí lójú tiẹ̀ kì í ṣe oògùn.

Àǹtí_Apòògùn:
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn lórí E. Ẹ wá jẹ́ kí n dé orí beta-carotene, torí òun ló ń já mi láyà jù.

Ẹni tó bá ń jẹ èso àti ewébẹ̀ tí beta-carotene pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í pọ̀ láàárín wọn. Ẹnikẹ́ni á rò pé beta-carotene ló ṣe é. Wọ́n wá dán an wò ní Finland, ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá, ọdún wọn wà láàárín 50 sí 69, wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene 20 mg lójúmọ́, wọ́n fún àwọn míì ní fítámì E, wọ́n fún àwọn kan ní méjèèjì, àwọn tó kù gba kápúsù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó tó ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ tí wọ́n fi lò ó. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tó lo beta-carotene ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí láàárín wọn, ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ fojú inú wò ó, àwọn tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò gan-an ni.

Àwọn èèyàn kan rò pé èèṣì ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí míì ń lọ ní Amẹ́ríkà lásìkò kan náà, CARET lorúkọ rẹ̀, èèyàn 18,314, àwọn tó ń fa sìgá, ÀTI ÀWỌN TÓ TI JÁWỌ́, pẹ̀lú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí asbestos, ohun ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Beta-carotene 30 mg pẹ̀lú fítámì A ni wọ́n ń fún wọn. Ní oṣù January 1996 ni wọ́n dá a dúró ní oṣù 21 ṣáájú ìgbà tó yẹ kó parí, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 28 pọ̀ sí i nínú àwọn tó ń lò ó, ikú náà fi ìdá 17 pọ̀ sí i.

Àrẹ̀mọ, 15 mg lọ́nà méjì mélòó ni? 30 mg ni. Iye tó wà nínú ìwádìí tí wọ́n sáré dá dúró yẹn gan-an ni Bàbá ń gbé mì lójúmọ́.

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Àyà mi já ma. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ṣé ó ti bọ́ sórí nìyẹn? Èmi ni mo máa ń rán wọn létí tí wọ́n bá gbàgbé láti lò ó.

Àǹtí_Apòògùn:
Rárá o, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọdún mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó wà nínú ìwádìí yẹn fi lò ó. Wọ́n tún tọ àwọn ará Finland yẹn lẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́, ewu tí beta-carotene fi kún un fún wọn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni títí tó fi pòórá láàárín ọdún bíi mélòó kan. Torí náà ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n dá a dúró báyìí.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un torí ọkùnrin ni wọ́n. Ìwádìí SELECT lo ọkùnrin tó lé ní 35,000, fítámì E 400 IU lójúmọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá á dènà jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Èsì tó jáde ní 2011 ni pé jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 17 pọ̀ sí i lára àwọn tó lo E nìkan. Bàbá ń lo ìlọ́po méjì ìyẹn.

Ọmọ_Ìrọ̀rùn:
Ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn mi nìyí, ẹ ò gbọ́! Mo ka ti Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó èsì ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, ti ọdún 2012, wọ́n kó ìwádìí 78 jọ, èèyàn tó wà nínú rẹ̀ tó 296,707, wọn ò rí ẹ̀rí kankan pé antioxidant inú kápúsù ń dín ikú kù, àfi pé beta-carotene àti E jọ pé wọ́n ń fi díẹ̀ kún un. Ẹ kó gbogbo sọ́pílímẹ́ǹtì dànù, ìkankan ò dáa nínú wọn.

Àgbà_Olójú_Kan:
Ọmọ mi, rọra. Má kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní macular degeneration wà lójú mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé mo ń wo férémù ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, igi tó yẹ kó gún rí wọ́gọwọ̀gọ lójú mi òsì, mo nu awò mi títí, kò gún. Dókítà ojú ló kọ sọ́pílímẹ́ǹtì fún mi, wọ́n ní ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní AREDS fi hàn ní 2001 pé fún ẹni tó bá ti dé ìpele tí mo wà, ó ń dín ewu pé kó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Fítámì C wà nínú rẹ̀, E wà, zinc àti copper náà wà.

Ohun tó kan ọ̀rọ̀ Bàbá rẹ, Àrẹ̀mọ, ni pé ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti mu sìgá rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mu ún nígbà ọ̀dọ́. Wọ́n ní ó dáa, ti ayé àtijọ́ tó ní beta-carotene kọ́ ni wọ́n máa fún mi, èyí tí wọ́n fi lutein àti zeaxanthin rọ́pò rẹ̀ ni, ìwádìí kejì tó jáde ní 2013 ló fi ìyẹn lélẹ̀. Wọ́n tún wo gbogbo oògùn tí mò ń lò kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, mo ṣì ń kàwé.

Ọmọ_Ìrọ̀rùn:
Ẹ má bínú sà. Mi ò mọ̀ nípa ti ojú yẹn. Mo gbà, mo sáré sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jọ̀ọ́ glutathione ńkọ́? Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń polówó rẹ̀ pé ó ń mú awọ mọ́, wọ́n ní olórí gbogbo antioxidant ni. Àbúrò mi ń lò ó, ó sì lóyún oṣù mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́_Inú_Láàbù:
Ma, òótọ́ ni pé glutathione ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ara ti ń ṣe é, èròjà mẹ́ta ló fi ń ṣe é, cysteine, glycine àti glutamate. Tí èèyàn bá gbé e mì, inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ pé tí ẹnì kan bá lo paracetamol ní àlòjù tí glutathione inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wá tán, glutathione kọ́ ni dókítà á fún un, acetylcysteine ni, kí ẹ̀dọ̀ lè fi ṣe tiẹ̀. Ibi tí mo ti rí antioxidant tó gba ẹ̀mí là kedere nìyẹn, ó sì jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni, fún ìdí kan pàtó.

Àǹtí_Apòògùn:
Ìyá Ìbejì, ẹ ní kó dá a dúró, kó sì mú gbogbo ike tó wà nílé lọ fún ẹni tó ń tọ́jú oyún rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún un láyè láti lo ni kó lò. Kó ṣọ́ra fún fítámì A jù, kì í ṣe beta-carotene o, fítámì A fúnra rẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ retinol tàbí retinyl sí. Tó bá ti ju 10,000 IU lọ lójúmọ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè fa àbùkù ara fún ọmọ inú. Wọ́n sì máa ń fi í há inú irú àwọn àpòpọ̀ ẹ̀wà awọ bẹ́ẹ̀.

Sáré_Lówùúrọ̀:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àná. Àrẹ̀mọ, mo tọrọ àforíjì pé mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò tiẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn míì. Èmi tí mi ò mu sìgá rí ńkọ́? C 1000 mg àti E 400 IU ni tèmi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Inú_Láàbù:
Ẹ̀gbọ́n, tiyín gan-an ni wọ́n ṣèwádìí lé lórí ní Jámánì, ó jáde ní 2009. Iye C àti E tí ẹ dárúkọ yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Eré ìdárayá máa ń jẹ́ kí ara túbọ̀ mọ insulin, èròjà tó ń gbé ṣúgà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, lò dáadáa, àwọn tí kò lo fítámì rí èrè yẹn, àwọn tó lò ó ò rí i. Torí free radical kékeré tí iṣan ń tú jáde nígbà tí ẹ bá ń sáré ni ara fi ń mọ̀ pé ó yẹ kóun le sí i. Ẹ ń pa ońṣẹ́ kó tó jíṣẹ́.

Ní ti òtútù, fítámì C tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ ń dín iye ọjọ́ tí òtútù fi ń ṣe àgbàlagbà kù ní nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í sọ pé kó má mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú òtútù líle, òun ń dín in kù fún wọn ní ìdajì. Torí náà kì í ṣe pé C ò wúlò.

Àǹtí_Apòògùn:
Èyí tí ẹ sì ń tọ̀ dànù yẹn, ẹ rántí pé kíndìnrín ló ń gbà kọjá. Ara máa ń sọ díẹ̀ nínú C di oxalate, ó sì lè di òkúta kíndìnrín, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ti rí i jù. 90 mg lọkùnrin nílò lójúmọ́, 75 mg fún obìnrin, ẹni tó ń fa sìgá á fi 35 mg kún un. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá 2,000.

Sáré_Lówùúrọ̀:
Mo gbọ́ ma. Màá gbé E jù sílẹ̀ lónìí.

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Ẹ kú àdúrótì o. A ti lọ. INR Bàbá jẹ́ 4.6, dókítà ní àárín 2 sí 3 ló yẹ kó wà. Wọ́n yẹ iye warfarin wò, wọ́n ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì gba ike yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á tán, wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ohun méjì, E àti beta-carotene.

Ìṣòro tó kù ni Bàbá fúnra wọn. Wọ́n gbà pé kí àwọn fi E sílẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ti beta-carotene yẹn kò lè jẹ́ òótọ́, ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí tí mi ò rí dáhùn. Àkọ́kọ́, tó bá burú, ṣé kí àwọn má jẹ ewébẹ̀ mọ́ ni? Ìkejì, tí kò bá fọ ẹ̀dọ̀fóró, ta ló wá lé ikọ́ lọ?

Àǹtí_Apòògùn:
Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni méjèèjì.

Ewébẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n bi dókítà, ewé tútù tí fítámì K pọ̀ nínú rẹ̀, kí iye tí wọ́n ń jẹ máa dọ́gba lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí warfarin. Beta-carotene inú oúnjẹ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ara, òun àti ọ̀pọ̀ nǹkan míì ló sì jọ ń wọlé. Ìwádìí kankan ò sọ pé ewébẹ̀ fa jẹjẹrẹ fún amusìgá. Èyí tí wọ́n fà jáde nìkan tí wọ́n kì sínú kápúsù ní 20 tàbí 30 mg, tó bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti gbà kọjá, ibẹ̀ ló ti lè yí padà di ohun tó ń ṣèpalára.

Ní ti ikọ́, ẹ bá mi bi wọ́n, oṣù kélòó lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kápúsù?

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Oṣù kẹfà ma.

Àǹtí_Apòògùn:
Ẹ ka èyí sí wọn létí. Nínú ọ̀nà èémí wa, irun wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán ò lè rí, wọ́n máa ń fì sókè láìdúró, wọ́n ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró bíi kí èèyàn máa fi ọwọ̀ gbálẹ̀. Èéfín sìgá máa ń mú wọn rọ, ó sì máa ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí amusìgá fi ń wúkọ́ láàárọ̀, ikọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí irun yẹn ò lè ṣe mọ́. Tí èèyàn bá jáwọ́, irun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jí padà, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹsàn-án ikọ́ àti èémí kúkúrú á máa lọ. Àkókò Bàbá bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kápúsù yẹn kàn dé nígbà tí iṣẹ́ ti ń parí lọ ni. Wọ́n ṣe é fúnra wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ju sìgá nù, tí wọn ò sì padà sídìí ẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn á máa wálẹ̀ lọ́dọọdún, lẹ́yìn bí ọdún 10 sí 15 á ti di ìdajì ti ẹni tó ṣì ń fà á.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí á ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn lóòótọ́, ẹ béèrè àyẹ̀wò CT onítànṣán kékeré, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, lọ́wọ́ dókítà. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó lo èèyàn tó lé ní 53,000, tó jáde ní 2011, fi hàn pé ó dín ikú tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń fà kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n bá fi wé yíya X-ray àyà lásán, fún irú àwọn tó fa sìgá púpọ̀ bíi tiwọn.

Àrẹ̀mọ_Bàbá:
Mo ka á fún wọn ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Mo rí i tí wọ́n ń fi ìka ka oṣù, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àṣé èmi ni mo ṣe é." Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ike kejì tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà, abẹ́ ìrọ̀rí ló wà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Lára búrọ́ọ̀ṣì òwúrọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ti dín kù gan-an. Dókítà ti kọ CT fún wọn, ọ̀sẹ̀ méjì òní ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ lọ ni? Ṣé wọ́n máa gún wọn lábẹ́rẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Kò sí ààwẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Kí wọ́n wọ aṣọ tí kò ní irin lára, kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n bá ń lò ó. Wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n mí sínú kí wọ́n sé e díẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ ó ti tán. Kí wọ́n lo warfarin wọn ní àsìkò tí wọ́n máa ń lò ó. Tí òtútù tàbí ikọ́ tuntun bá mú wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ pè wọ́n níbẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí ó lè da àwòrán rú, wọ́n á kàn sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ni.